Bàbá Dán-an-wò àti Oríta Tí Wọn Kò Kọjá

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ òòjọ́ yín tì láti wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Bàbá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdúrótì. Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí kò ní í dà bí irú èyí tí a máa ń kà níbi òkú, níbi tí olóògbé kì í ti í ṣẹ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i títí dé ọjọ́ tó kú. Bàbá fúnra wọn ló kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan wà tó yẹ kí wọ́n sọ fún ọmọ ìyá wọn, wọn kò rí i sọ títí ẹlẹ́mìí fi gbà á. Àwa ọmọ la ó bá wọn sọ ọ́ kí ìwé yìí tó parí, nítorí náà, ẹ má tíì kánjú ṣí i dé ojú ewé orin.

A bí Bàbá ní ọdún 1951, ní ìlú kékeré tí a ń gbé wọn lọ lónìí yìí, nínú ilé oníyàrá méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń pa jíà dà kí wọ́n tó lè gùn ún. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà ní tiwọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. A gbọ́ pé láti kékeré ni etí Bàbá ti mọ ohùn ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá wà lórí ẹní, tí ọkọ̀ bàbá wọn bá ń bọ̀ lókèèrè, wọn a ní, "Màámi, bàbá wa ti dé o, àmọ́ inú ń run ọkọ̀ wọn." Ìyá á rẹ́rìn-ín, bàbá náà á sì wọlé pẹ̀lú ẹjọ́ pé ọkọ̀ ti da àwọn láàmú láti àárọ̀.

Ọmọ méjì péré ló dúró fún àwọn òbí wọ̀nyí. Bàbá wa ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ni ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré. Bàbá tó bí wọn tètè lọ, ìyá nìkan ló sì tọ́ wọn, kí àìsàn tó dá ìyá náà dùbúlẹ̀ ní ọdún 1973. Kí Ìyá tó dákẹ́, wọ́n fa ọwọ́ àbúrò lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣáájú ẹ̀ dáyé. Mo fi í sí ọ lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì í níta." Bàbá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí a ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ní ọdún 1958 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ikú bàbá wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ìwé mẹ́fà. Ní 1966, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ọkùnrin tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti sọ di adití. Nítorí pé etí ọ̀gá yìí kò gbọ́ràn mọ́, ojú ló fi ń ṣe iṣẹ́. Á ní kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, á lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa wo èéfín tó ń ti ẹnu sálẹ́ńsà jáde. Bó bá funfun, omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Bó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. "Èéfín kì í parọ́" ni ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá gbòmìnira. Bàbá mú ọ̀rọ̀ náà dání nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1972, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni nígbà náà lọ́hùn-ún.

Ọdún 1978 ni Bàbá fẹ́ ìyá wa. Aránṣọ ni Màmá. Bàbá wá rán aṣọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní àpò méje ni àwọn fẹ́ lára rẹ̀. Màmá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kó sínú gbogbo àpò yẹn bí ẹni tó ń lọ sógun. Bàbá ní, "Sípánà ló máa wà nínú mẹ́fà. Ìkeje, mò ń fi í sílẹ̀ fún ohunkóhun tí ẹ bá fún mi." Màmá ní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, èébú nìkan ni àwọn rí fi sínú àpò náà. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwa tí a gbé ilé náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń yọ́ fi búrẹ́dì gbígbóná sínú rẹ̀ láràárọ̀.

Ní ọdún 1981, Bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn níhìn-ín nílùú ńlá, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ apákó, wọ́n sì mú Bàbá Kékeré mọ́ra, ẹni tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ níṣẹ́ láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n ni orí, àbúrò ni ọwọ́. Bí bóòtì kan bá wà níbi tó há, tí ojú kò rí, tí ìka kò dé, Bàbá Kékeré ni wọ́n ń pè. Wọn a di ojú, wọn a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bóòtì a sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, àbúrò ló ń jẹ ẹran. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́ kí ohùn ẹnikẹ́ni ga sí èkejì.

Nígbà tó yá, ayé yí. Ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń jẹ epo díísù dé, èyí tí kì í yọ èéfín mọ́. Fún àǹfààní àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì bíi ti Bàbá níbí, fílítà kan wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, nínú páìpù tí èéfín ń gbà jáde, tó ń sẹ́ èérí dúdú inú èéfín bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Bí èérí bá kún inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á tú iná sí i láti inú, á jó o di eérú. Àwọn sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Bí nǹkan kan bá wọ́, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá jí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìgbà náà ló ká ọwọ́ lérí. Bàbá kò ká ọwọ́ lérí. Ní 2006, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n lọ jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn tí wọ́n tó bí lọ́mọ, awò ojú wọn so mọ́ okùn lọ́rùn, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ibẹ̀ mú ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀: "Dán an wò ná." Ìdí ni pé bí a bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, á dárúkọ ẹ̀yà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì sáré lọ ra ẹ̀yà náà. Bàbá kì í gbà. Wọn a ní, "Sẹ́ńsọ̀ tó pariwo kọ́ ló jalè. Oníròyìn ni. Tẹ́ ẹ bá pa oníròyìn, olè ṣì wà nínú ilé." Wọn a kọ́kọ́ wo wáyà bóyá eku ti jẹ ẹ́. Wọn a tú àwọn rọ́bà kéékèèké, wọn a fi ìka dí ẹnu kan, wọn a fi ẹnu fẹ́ èkejì, bóyá afẹ́fẹ́ á jò. Nígbà tí wọ́n bá dán gbogbo èyí wò tán ni wọ́n tó máa dá ẹ̀yà kankan lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Dán-an-wò nìyẹn, débi pé àwọn oníbàárà mìíràn kò mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ mìíràn.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn kan nínú iṣẹ́ náà wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí fílítà bá dí, wọn a yọ ọ́, wọn a fi irin gún inú rẹ̀ jáde, wọn a fi iná jó o mọ́ ààyè rẹ̀ padà, wọn a sì tan kọ̀ǹpútà jẹ kó lè panu mọ́. Ọkọ̀ á máa fò, èéfín dúdú á máa rọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kórìíra iṣẹ́ yìí dé góńgó. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Èérí tí ẹ kò jẹ́ kí fílítà gbé, ọ̀fun ọmọ ẹlòmíì ló ń lọ." Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ní lẹ́tà gàdàgbà pé: A KÌ Í GÚN FÍLÍTÀ NÍBÍ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúró lé.

Ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Nọ́ọ̀sì kan ní ọkọ̀ díísù tó jẹ́ pé láti ilé dé ilé ìwòsàn nìkan ló ń gbé e, ìrìn tí kò tó nǹkan. Iná tàn nínú ọkọ̀ náà. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí fílítà ṣe kún tó, iná sì kú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kò lágbára mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé e padà wá. Bàbá ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, Bàbá Kékeré ló gbà á, wọ́n sì wà á jáde lọ sí ojú títì márosẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń wọlé bọ̀, Bàbá ti dé, wọ́n dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti àwọn oníbàárà mìíràn. Wọ́n rí i tí èéfín dúdú kirikiri ń ti ìdí ọkọ̀ náà jáde.

Ọkọ̀ tí fílítà rẹ̀ pé kì í yọ èéfín dúdú. Bàbá kò bèèrè ohunkóhun. Wọ́n ké mọ́ àbúrò wọn níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Ìwọ! O gún fílítà! Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! O ti ta orúkọ mi lọ́pọ̀!" Bàbá Kékeré ṣì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Wọ́n ní, "Bùọ̀dá, mi ò gún un. Ẹ tú u wò." Bàbá ní, "Kí ni màá tún tú wò? Èéfín kì í parọ́!" Bàbá Kékeré rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ dán an wò ná."

Bóyá ká ní gbólóhùn mìíràn ni wọ́n sọ, Bàbá ì bá gbọ́. Èyí dà bí ẹ̀fẹ̀ létí Bàbá, ó dà bí ẹni pé àbúrò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà. Wọ́n pe ọmọ ìyá wọn ní olè. Wọ́n ní kó jáde, kó má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Bàbá Kékeré gbé kọ́kọ́rọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àkísà nu ọwọ́, wọ́n ká àkísà náà dáadáa sórí tábìlì, wọ́n sì lọ. Ìlú wọn ni wọ́n padà sí, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síbẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ìyá ní kí ẹ̀gbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú ti àbúrò níta, ẹ̀gbọ́n gan-an ló wá dójú tì í.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi tú fílítà náà. Ojú ihò irin ni wọ́n ń wá. Wọn kò rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé àárín fílítà ti yọ́ bí àbẹ́là, iná àjójù ló jó o láti inú. Kí ló dé tí èérí fi kún un tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀? Wọ́n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí dé ìdí, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n kan rọ́bà kékeré kan, kò nípọn ju ìka lọ, tó ń gbé ìròyìn láti ara fílítà lọ fún sẹ́ńsọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti ya. Afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ fún ọkọ̀ pé fílítà ṣófo nígbà tó ti kún dé ọ̀fun; ooru eré márosẹ̀ ló wá tanná ran gbogbo èérí náà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá fúnra wọn ló tú rọ́bà náà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Wọ́n wò ó fìrí, ó jọ pé ó ṣì dáa, wọ́n dá a padà síbẹ̀. Wọn kò fẹnu fẹ́ ẹ wò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Màmá ní Bàbá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò bọ́ bàtà, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, èmi ni." Màmá ní, "Ẹ̀yin kí ni?" Wọ́n ní, "Èmi ni mo ba ọkọ̀ yẹn jẹ́. Kì í ṣe òun." Màmá ká aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n ní, "Ẹ dìde, ká lọ bá a nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná." Bàbá ní, "Ó di ọ̀la." Ní ọ̀la, iṣẹ́ pọ̀. Ní ọ̀túnla, ọ̀rọ̀ ti wúwo díẹ̀ sí i. Wọ́n fi owó ara wọn ra fílítà tuntun fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un ní kọ̀rọ̀. Èyí tó ti yọ́, wọ́n gbé e sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá fẹ́ dà á nù, wọn a ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù ni." Abẹ́ tábìlì yẹn náà ló wà títí di oṣù tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí mọ̀ pé èyí tí kì í kúrò láàárín ìlú nílò kí wọ́n máa wà á jìnnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní eré tó dúró sójú kan, kí iná lè ráyè jó èérí inú fílítà. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe èyí. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà, ojú ọ̀nà ìlú wọn. Wọn a wà á títí dé oríta, níbi tí ọ̀nà apá òsì ti yà sí ìlú wọn. Wọn a dúró síbẹ̀, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a wo ọ̀nà apá òsì yẹn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Wọn a ra omi lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a yí ọkọ̀ padà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú ọkọ̀ oríṣiríṣi.

Ní ọdún 2017, àkọ́bí wọn obìnrin, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, tẹ̀lé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó ní, "Bàbá, a ti dé ilé tán. Ẹ jẹ́ ká yà kí Bàbá Kékeré." Bàbá ní, "Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Fílítà ẹ̀ ti mọ́, kò nílò ju ibí lọ." Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Wọ́n ra omi wọn, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà.

Nípa ti ìgbàgbọ́, láti 1984 ni Bàbá ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn atọ́nisọ́nà ní ilé ìjọsìn wa. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n yàn láàyò. Olùṣọ́-àgùntàn wa àtijọ́ máa ń ṣàwàdà pé Bàbá nìkan ló ń gbọ́ ìwàásù àti ẹ́ńjìnnì pọ̀, tó sì ń ṣe àmín fún méjèèjì. Lọ́jọ́ kan tí ìwàásù dá lórí ọmọ ìyá tó bá ara wọn jà, Bàbá dìde láàárín rẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń dún níta. Kò sí ọkọ̀ tó ń dún. Ní ti àwùjọ, wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó lé ní ogójì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n parí ìjà láàárín ọ̀gá méjì, wọn a parí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti ilé wọn nìkan ni ọwọ́ wọn kò ká.

Àìsàn ọkàn ló gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn lọ́dún yìí. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ àyà Bàbá ń pariwo, tí nọ́ọ̀sì kékeré kan fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, Bàbá ní, "Rọra o, ọmọ mi, oníròyìn ni." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sílẹ̀ sí wọn, ó ní, "Bàbá, ṣé àbúrò yín ti gbọ́ pé ẹ wà níbí?" Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú Bàbá. Wọ́n ní ká pè é.

Bí a ṣe pè wọ́n, Bàbá Kékeré ní àwọn ń bọ̀. Wọn kò bèèrè ẹ̀bẹ̀, wọn kò bèèrè àlàyé. Bàbá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má dúró dè wọ́n, wọ́n sì pe àkọ́bí súnmọ́ra. Wọ́n ní, "Tí mi ò bá rí i bá a sọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú mi. Gbangba ni mo ti bú u, ẹ má sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbé mi lọ sílé, ẹ má yí padà ní oríta." Bàbá Kékeré kọjá oríta lọ́jọ́ náà láìdúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà yàrá, a ti fa aṣọ bo ojú ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe báyìí sí mi, Bùọ̀dá?"

Ó dùn wá, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní í dùn wá. Ìyá tó ń ta ọ́ìlì ní oríta ti máa ń sọ fún Bàbá Kékeré pé, "Ẹ̀gbọ́n yín tún wá yí padà lónìí o." Bàbá Kékeré jẹ́wọ́ fún wa pé, "Mo ní àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ mí, kí àwọn kọ́kọ́ wá. Ẹjọ́ ni mo jàre. Àre yẹn ni mo jókòó tì ní gbogbo ọdún wọ̀nyí."

Lọ́jọ́ kejì, àkọ́bí mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa fílítà yíyọ́ náà jáde lábẹ́ tábìlì. Bàbá Kékeré gbé e sórí itan, wọ́n ti ìka bọ ibi tó yọ́. Wọ́n ní, "Rọ́bà ni, àbí?" Ọmọ ní, "Rọ́bà ni, sà. Ṣé Bàbá ti sọ fún yín rí ni?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ní ojú títì márosẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ti dúró, àwọn ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ àwọn sì ti bá ibi tí rọ́bà ti ya. Àwọn mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Bàbá Kékeré ní, "Níwájú oníbàárà? Kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ba ọkọ̀ jẹ́? Mo ní kí wọ́n tú u wò ni, kí wọ́n lè rí i fúnra wọn, kó parí sáàárín wa."

Ẹ̀yin èèyàn wa, Bàbá kò mọ èyí kí wọ́n tó lọ. Àbúrò tí ìyá fi sí wọn lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí ojú tì wọ́n níta, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ san án.

Bàbá fi Màmá sáyé, aya wọn ọ̀wọ́n; ọmọ mẹ́rin: àkọ́bí obìnrin tó gba sípánà lọ́wọ́ wọn, olùkọ́ kan, awakọ̀ ojú omi kan, àti àbígbẹ̀yìn tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ Màmá; ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àwọn àna, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti di ọ̀gá, àti àbúrò wọn kan ṣoṣo.

Àbúrò náà la wá ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, níwájú gbogbo ìjọ, níwájú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, níwájú ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Kékeré, ẹ̀gbọ́n yín ní ká sọ fún yín pé ẹ kò gún fílítà. Ẹ kì í ṣe olè, ẹ kò sì ta orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n ṣàṣìṣe, àwọn ni kò dán an wò. Wọ́n ní kí ẹ má bínú.

Bàbá Kékeré ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó máa gbé òkú. Àwọn ló máa wà á fúnra wọn. Ọkọ̀ díísù ni, wọ́n ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò láti àná, wọ́n fẹnu fẹ́ gbogbo rọ́bà rẹ̀ wò. Fílítà náà yóò wà níwájú, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá dé oríta, ọwọ́ òsì ni a ó yà.

Sùn re o, Bàbá Dán-an-wò. Ilé là ń mú yín lọ, àbúrò yín ló ń wa ọkọ̀.